Bí A Ti Ń Gbin Kírísítálì Níbi Tí Ìwúwo Kò Sí

Ẹni tó bá gbéra ní Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí, tó kọrí sí Ṣakí níbi tí Òkè Asabárí gbé ń ṣọ́ ìlú, tó wá yà sí agbègbè Kòmu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, láàárín igi ẹmì àti igi igbá tó fọ́n ká orí ọ̀dàn, yóò rí kòtò lọ́tùn-ún, yóò rí kòtò lósì, èyí tí àwọn awakùsà ti fi dígà àti ṣọ́bìrì gbẹ́ wọ inú ilẹ̀ lọ. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tó sì ń mú àwọn èèyàn náà forí la oòrùn Òkè-Ògùn ni òkúta iyebíye kan tí wọ́n ń pè ní túmálìn, tó gùn gbọọrọ, tí ìlà wẹ́wẹ́ gba ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí òmíràn nínú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí òmíràn jẹ́ àwọ̀ ewé, tí òmíràn sì gbé àwọ̀ méjèèjì pọ̀ sínú ara kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni òkúta náà ti ń lọ sí ọjà àwọn olókùúta ní Òjòó ní Ìbàdàn, kí ó tó di èrò òkè òkun.

Bí a bá fi ayùn la túmálìn aláwọ̀ méjì ní ìbú, tí a sì dán ojú rẹ̀, òrùka nínú òrùka ni a óò rí, pípọ́n láàárín, àwọ̀ ewé léteetí. Àkọsílẹ̀ ni àwọn òrùka náà. Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, ó ti ju mílíọ̀nù 400 ọdún lọ, nígbà tí òkúta yíyọ́ tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yìí ń tutù tó ń di akọ òkúta, omi gbígbóná tó ṣẹ́kù gbẹ̀yìn, tí bórọ́ọ̀nù, lítíọ́mù, máńganíìsì àti irin ti yọ́ sínú rẹ̀, sá pamọ́ sínú pàlàpálá àpáta, ibẹ̀ ni túmálìn sì ti dàgbà, ìpele lé ìpele, láìsí ẹni tó ń lé e. Ìgbà tí máńganíìsì pọ̀ nínú omi náà, ìpele tó dì nígbà náà pọ́n. Ìgbà tí irin borí, ìpele tó tẹ̀ lé e di àwọ̀ ewé. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí omi tí kírísítálì ti ń dàgbà, ara kírísítálì náà ni yóò ti hàn, kò sì sí bí a ti lè pa á rẹ́ mọ́ lẹ́yìn tó bá ti dì. Lójú alágbàtà òkúta, ẹwà ni èyí, owó sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan wà tó jẹ́ pé kírísítálì fún iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n ń gbìn, irú òrùka bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ àbùkù ńlá lójú wọn, débi pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ìléru wọn kúrò lórí ilẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ là yéni níhìn-ín, nítorí ó dá mi lójú pé ọmọ Òkè-Ògùn tó ti di túmálìn mú lọ́wọ́ rí ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó là á lóye.

Bàbà a máa jẹ́ kí iná mọ̀nàmọ́ná gba inú rẹ̀ kọjá láìdá a dúró. Dígí kì í jẹ́ kí ó kọjá rárá. Àárín àwọn méjèèjì ni silikọ́nì, jámáníọ́mù àti gálíọ́mù ásínáìdì dúró sí, a sì lè fi ọgbọ́n pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún iná tàbí kí wọ́n tì í. Irú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni à ń pè ní sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀. Fóònù tí àgbẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ fi ń béèrè iye tí àgbàdo ń lọ lọ́jà, pánẹ́ẹ̀lì sólà tó ń fa omi kànga ẹlẹ́rọ ní Tedé, rédíò tó ń ké ní ìsọ̀ àwọn ahunṣọ, silikọ́nì ló wà nídìí gbogbo wọn. Kí silikọ́nì tó lè gbọ́ àṣẹ, àwọn átọ̀mù rẹ̀, èyí tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, gbọ́dọ̀ tò gẹ́gẹ́ bí òwú ti í tò lórí òfì ní Ìsẹ́yìn: nígbà tí ahunṣọ bá ti ta òwú rẹ̀ tán, tó wá ń ju ọ̀kọ̀ lọ ju ọ̀kọ̀ bọ̀, fọ́nrán kan kò gbọdọ̀ gun orí èkejì, ọ̀kan kò gbọdọ̀ já, bí ọ̀kan ṣoṣo bá sì ṣìnà, àbùkù náà yóò máa bá aṣọ lọ títí tí a ó fi gé e kúrò lórí òfì. Síbẹ̀, silikọ́nì tó mọ́ gaara nìkan kò wúlò tó bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí a fi àfikún bíńtín sí i, bóyá bórọ́ọ̀nù tàbí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó lè jẹ́ átọ̀mù kan ṣoṣo láàárín mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfikún yìí ló ń sọ bí iná yóò ti rìn tó. Ibi tó bá ti pọ̀, iná á rọrùn láti kọjá. Ibi tó bá ti ṣọ̀wọ́n, iná á ṣòro láti kọjá. Bí ó bá sì pọ̀ níbìkan tó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn nínú òkúta kan náà, ẹni tó fẹ́ fi òkúta náà ṣe ẹ̀rọ wọ gàù.

Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jùlọ láyé láti gbin silikọ́nì, ọmọ ilẹ̀ Pólándì kan, Jan Czochralski, ló là á ní ọdún 1916 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílùú Berlin. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó ń kọ̀wé ní ọjọ́ kan, ó fẹ́ ki ẹnu kálàmù rẹ̀ bọ inú tàdáwà, ó ṣèèṣì kì í bọ inú tánńganran yíyọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó sì fà á yọ, ó rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lé ẹnu kálàmù náà jáde, okùn náà sì jẹ́ kírísítálì kan ṣoṣo láìní oríkèé. Lónìí, wọn a yọ́ silikọ́nì nínú ìkòkò kúọ́tísì ní dígíríì 1,414 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọn a so ègé kírísítálì kékeré kan, tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní irúgbìn, mọ́ ìdí ọ̀pá. Wọn a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi fẹnu kan ojú silikọ́nì yíyọ́. Wọn a sì máa yí i, wọn a máa fà á sókè, ní ìwọ̀n bíi mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó ti ń gòkè ni silikọ́nì tó tẹ̀ lé e ń dì, gbogbo átọ̀mù tó bá sì dé a máa tò bí ti irúgbìn ti tò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, òpó silikọ́nì tí ìbú rẹ̀ tó 300 mìlímítà, tó wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ, á ti jáde tán. Bí ewé bá sì pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Nítorí náà ni ọ́síjìn díẹ̀ fi máa ń ti ara ìkòkò kúọ́tísì wọ inú silikọ́nì náà. Ọ̀nà mìíràn, tí Percy Bridgman ará Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní ọdún 1925, ni kí a di ohun yíyọ́ sínú ìgò, kí a sì jẹ́ kí ó máa tutù láti orí kan dé orí kejì. Irú ọ̀nà kejì yìí ló rọrùn jù láti gbé rìnrìn àjò.

Nínú ọ̀nà méjèèjì, ìwúwo kì í jẹ́ kí ohun yíyọ́ náà sinmi. Ibi tó bá gbóná nínú rẹ̀ a máa fúyẹ́, a máa gòkè. Ibi tó bá tutù a máa wúwo, a máa rì. Bí wọ́n sì ti ń pààrọ̀ àyè, ìṣàn kan wà nínú ìkòkò láìdẹ́kun, tí kì í rìn déédé, tó ń yára ní ìṣẹ́jú yìí, tó ń falẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ ìwúwo nínú omi kò nílò ìléru. Kí ó ra álọ́ọ̀mù lọ́jà, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń jù sínú omi odò kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè rì. Kí ó yọ́ ọ sínú omi gbígbóná títí omi náà kò fi ní gbà á mọ́. Kí ó jẹ́ kí ó tutù. Kí ó so ègé álọ́ọ̀mù kan tí kò tó èékánná mọ́ fọ́nrán òwú, kí ó fi í rọ̀ sínú omi náà nínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ó sì gbé ìgò náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní í tó o. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ègé náà á ti sanra, igun rẹ̀ á ti mú, ojú rẹ̀ á ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan gé e. Kí ó wá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn ìgò náà lóru, kí ó tẹjú mọ́ orí kírísítálì náà. Yóò rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gòkè láti orí rẹ̀, tí kò ní àwọ̀, tó ń mì lẹ̀ǹgẹ̀lẹ̀ǹgẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń wárìrì níbi tó bá gbà kọjá. Omi tí kírísítálì ti gba álọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ni. Ó ti fúyẹ́ ju ìyókù lọ, ó sì ń sá lọ sókè kí omi tó wúwo tó ń bọ̀ lè gba ipò rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama Òkè-Ògùn, láti Ìgbòho dé Ìgànná, ẹ fi èyí han àwọn ọmọ wa: owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ọmọ tó bá sì ti rí i kò ní gbàgbé.

Nínú ìgò álọ́ọ̀mù, ìṣàn yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n nínú ìléru ó di ọ̀ràn. Ìṣàn gbígbóná á kọlu ojú tí kírísítálì ti ń dì, ìdàgbà rẹ̀ á falẹ̀, nígbà mìíràn èyí tó ti dì tilẹ̀ lè tún yọ́ padà. Ìṣàn tútù á dé, ìdàgbà á yára. Nígbàkigbà tí ìdàgbà bá sì yí eré padà, ìwọ̀n àfikún tó há sínú ìpele tó ń dì á yàtọ̀ sí ti ìpele tó ṣáájú rẹ̀. Bí a bá gé irú kírísítálì bẹ́ẹ̀, tí a dán ojú rẹ̀, tí a fi ásíìdì wẹ̀ ẹ́, tí a sì gbé e sábẹ́ maikirosíkópù, ìlà ní í tẹ̀ lé ìlà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ìdí dé orí. Ohun tó fi òrùka sínú túmálìn Kòmu ló tún fi ìlà síhìn-ín, ìyẹn ni pé omi tó bí wọn kò dúró lójú kan. Àfi pé ìlà ti silikọ́nì kò ní àwọ̀ tí a lè tà.

Báwo la ó ti wá mú ìwúwo kúrò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òòfà ilẹ̀ ayé kì í dé ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ojú-sánmà wà, wọ́n sì ṣìnà. Ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, níbi tí ilé ojú-sánmà tí àwọn orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ kọ́ gbé ń yí ayé ká, bí ìdá 9 nínú ìdá 10 òòfà tó wà nílẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Jíjábọ́ ni ilé náà ń já bọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé òkè ló ti ń já bọ́, ṣùgbọ́n ó ń sáré síwájú ní nǹkan bí 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, tó fi jẹ́ pé bí ó ti ń já bọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ayé tó rí roboto ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí kò sì bá ilẹ̀ pàdé láé, tó ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ènìyàn, ìgò, ìléru àti ohun yíyọ́ inú ìléru, gbogbo wọn ló ń já bọ́ pọ̀ ní eré kan náà, nítorí náà kò sí èyí tó ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ohun gbígbóná kò mọ òkè tí yóò lọ, ohun tútù kò mọ ìsàlẹ̀ tí yóò rì sí. Lálẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, kété lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹni tó bá wà lóko létí odò Ọ̀fíkì, níbi tí iná ìlú kì í dí ojú ìràwọ̀, lè rí ilé náà nígbà mìíràn tó ń kọjá lọ, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣẹ́jú, tí kì í pariwo, tí yóò gba ojú sánmà kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àwọn ọ̀nà kúkúrú wà fún ẹni tí kò lágbára àtilọ sókè tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìṣọ́ gíga kan wà nílùú Bremen ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń ju ohun ìdánwò sílẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀ nínú ihò tí wọ́n ti fa atẹ́gùn rẹ̀ tán, àwọn ohun náà a sì wà láìní ìwúwo fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 4.7. Ọkọ̀ òfurufú tó ń fò sókè tó ń fò wá sílẹ̀ lè fúnni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20. Kírísítálì kì í dàgbà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ ni, ó kéré tán ọ̀rọ̀ wákàtí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1973 ni Amẹ́ríkà gbé ilé ojú-sánmà Skylab lọ sókè, ìléru kékeré kan sì wà nínú rẹ̀. August Witt àti Harry Gatos, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ló fi í ṣe ìdánwò tí mo kà sí èyí tó lọ́gbọ́n nínú jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọ́n kọ́kọ́ gbin kírísítálì sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ kan tí à ń pè ní indium antimonide nílẹ̀, wọ́n fi telúríọ́mù díẹ̀ ṣe àfikún rẹ̀, wọ́n tì í mọ́ inú ìgò kúọ́tísì, wọ́n sì fi rán àwọn arìnrìn-àjò. Lọ́hùn-ún, ìléru yọ́ apá kan nínú rẹ̀, ó fi apá kan sílẹ̀ láìyọ́, ó sì jẹ́ kí èyí tó yọ́ máa dì padà díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí èyí tí kò yọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé, inú kírísítálì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ilẹ̀ àti iṣẹ́ òkè ti wà, tí wọ́n fara kan ara wọn, tí ẹnikẹ́ni kò fi lè jiyàn pé èròjà wọn tàbí ìgò wọn ló yàtọ̀. Nígbà tí ó bọ̀, tí wọ́n là á ní òòró, tí wọ́n dán an, tí wọ́n fi ásíìdì wẹ̀ ẹ́, apá tó dì nílẹ̀ kún fún ìlà. Ibi tí òkè ti gbà á, ìlà tán, àfikún náà sì tò lọ ní déédé, nítorí pé kò sí ìṣàn tó ń gbá a kiri mọ́, àfi kí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan máa ṣí nípò fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ti ń fi ìṣirò sọ láti ọdún mélòó kan, pé ìwúwo ni ọ̀daràn, ẹ̀rí rẹ̀ wá wà lórí tábìlì.

Wọ́n tún rí ohun kan tí wọn kò fọkàn sí. Kírísítálì tó dì lókè kò fi gbogbo ara lẹ̀ mọ́ ìgò. Ó ti fà sẹ́yìn kúrò lára ògiri rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Nílẹ̀, ìwúwo ni í ti ohun yíyọ́ mọ́ ara ìgò; lókè, kò sí ohun tó ń tì í. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti lè rò lọ, nítorí bí kírísítálì àti ìgò bá ti lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n wá ń tutù pọ̀, ọ̀kan á sún kì ju èkejì lọ, wọn á máa fa ara wọn, ìfàfà náà á sì da ìtò átọ̀mù rú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1992, ọkọ̀ ojú-sánmà Columbia gbé ìléru tó dára ju ti Skylab lọ jáde lórí ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n pè ní USML-1. David Larson, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Grumman, gbin cadmium zinc telluride nínú rẹ̀, ìyẹn kírísítálì tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ àwọn ẹ̀rọ tó ń rí ooru ara nínú òkùnkùn, ó sì rí i pé ibi tí kírísítálì náà kò ti kan ìgò, àbùkù inú ìtò rẹ̀ kéré lọ́pọ̀lọpọ̀ sí ti ibi tó ti kàn án.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkè ọ̀run kò ní wàhálà tirẹ̀. Ojú gbogbo ohun olómi a máa fà. Ibi tó tutù lójú rẹ̀ a máa fà ju ibi tó gbóná lọ, a sì máa wọ́ èyí tó gbóná sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Orúkọ Carlo Marangoni, ọmọ Ítálì tó ṣèwádìí rẹ̀ ní ọ̀rúndún 19, ni wọ́n fi ń pe irú ìṣàn yìí. Nílẹ̀, ìṣàn ìwúwo máa ń bò ó mọ́lẹ̀ débi pé a kì í sábà kíyè sí i. Lókè, tí ọ̀gá ti lọ, ó di ọ̀gá. Rudolf Nitsche àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Freiburg ní Jámánì fojú winá rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Wọ́n fi rọ́kẹ́ẹ̀tì TEXUS, tó ń fúnni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 láìní ìwúwo, yọ́ silikọ́nì láìlo ìkòkò, tí ojú rẹ̀ wà ní gbangba, wọ́n sì jẹ́ kí ó dì. Nígbà tó bọ̀ sílẹ̀, ìlà ṣì kún inú rẹ̀. Wọ́n sá fún òjò, wọ́n bọ́ sódò. Ẹlòmíràn ì bá jáwọ́. Àwọn wọ̀nyí ronú pé bí ó bá jẹ́ ojú silikọ́nì yíyọ́ náà ló ń ṣàn, kí wọ́n fi ìbòjú sí i: wọ́n jẹ́ kí awọ ọ́síàìdì tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ojú náà kò sì lè rìn mọ́, ìlà sì pòórá. Ilé ojú-sánmà pàápàá kì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn ń gbọ̀n, arìnrìn-àjò ń sáré lórí ẹ̀rọ ìdárayá kí egungun rẹ̀ má baà rọ, ọkọ̀ tuntun ń dé, ó ń kan ilẹ̀kùn. Gbogbo èyí ló ń mi ohun yíyọ́ nínú ìléru. Ìdí nìyí tí àwọn agbinkírísítálì fi fẹ́ràn sátẹ́láìtì tí kò ní ènìyàn nínú.

Nílẹ̀ Yorùbá tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ àìníwùúwo ti súnmọ́ wa jù ni Ilé-Ifẹ̀, nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ojú-sánmà ti ẹkùn Áfíríkà tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ARCSSTE-E, ti wà láti ọdún 1998 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. NASRDA, tó jẹ́ àjọ ìwádìí ojú-sánmà ilẹ̀ Nàìjíríà, tún ti fi ẹ̀rọ clinostat ṣe ìwádìí lórí irúgbìn. Ẹ̀rọ náà a máa yí irúgbìn po láìdúró, kí gbòǹgbò rẹ̀ má baà mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè mú silikọ́nì yíyọ́ dúró jẹ́ẹ́, nítorí ìwúwo kò kúrò, ó kàn ń yí ojú padà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fi í kọ́ ohun tí ìwúwo ń ṣe fún gbòǹgbò yóò lè béèrè ohun tó ń ṣe fún ìṣàn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wù mí kí ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ ní Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, tí kòtò túmálìn kò jìnnà sí.

Ẹnìkan lè béèrè èrè tó wà nínú gbogbo ìnáwó yìí. Lójú tèmi, èrè tó tóbi jùlọ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀. Nígbà tó ti dájú pé ìṣàn ni ọ̀tá, wọ́n túbọ̀ tẹra mọ́ bí a ti lè dá a dúró láìkúrò nílé, ọ̀kan nínú ọgbọ́n wọn sì ni òòfà irin: silikọ́nì tó ti yọ́ a máa gba iná kọjá bí irin, nítorí náà bí a bá gbé òòfà alágbára yí ìkòkò rẹ̀ ká, ìṣàn inú rẹ̀ a wúwo lẹ́sẹ̀, a falẹ̀. Ilé iṣẹ́ silikọ́nì ń lo ọ̀nà yìí títí di òní. Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí kò kan ìwúwo rárá: ní 1995 àti 1996, Alex Ignatiev àti àwọn ará Yunifásítì Houston jẹ́ kí àwo irin ńlá kan máa sáré ní ojú-sánmà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣófo ju ibikíbi tí ẹ̀rọ lè fà mọ́ nílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tẹ́ gálíọ́mù ásínáìdì ní ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ lé ìpele.

Lónìí, àwọn oníṣòwò ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Space Forge, ilé iṣẹ́ kan ní Wales, pàdánù sátẹ́láìtì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2023 nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e láti Cornwall kùnà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, òmíràn, ForgeStar-1, dé òkè, pẹ̀lú ìléru nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lépa ni láti gbin irúgbìn kírísítálì lókè, kí wọ́n gbé e bọ̀, kí wọ́n sì máa ti ara rẹ̀ gbin púpọ̀ nílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè máa fi rọ́kẹ́ẹ̀tì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlógíráàmù lọ kó bọ̀. Mo rò pé apá kan nínú ìrètí yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀, apá kejì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Irúgbìn a máa fi ìtò átọ̀mù rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, nítorí náà irúgbìn tí àbùkù ìtò rẹ̀ kéré lè bí ọmọ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá nínú àwọn ohun bíi gálíọ́mù náítíráìdì, tí àbùkù ìtò ti ń dààmú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbìn ín. Ṣùgbọ́n irúgbìn kì í fi ìdúró jẹ́ẹ́ omi tó bí i lé ọmọ lọ́wọ́. Ní kété tí a bá ti kì í bọ inú ìkòkò nílẹ̀, ìwúwo á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ìṣàn á tún máa gbá àfikún kiri, ìlà á sì tún jáde. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá jẹ́ pé ìtò átọ̀mù ló gbára lé lè jèrè irúgbìn òkè. Èyí tó bá jẹ́ pé bí àfikún ti tò déédé ló gbára lé, òkè náà ni a óò ti gbin gbogbo ara rẹ̀, tàbí kí a gbé òòfà sí i nílẹ̀.